Apá Kejì Dé sí Àgbówó: Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Tó Dán Máàkì Àwọn Aṣàyẹ̀wò Géèmù Wò

Ṣọ́ọ̀bù tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ wà ní Àgbówó nílùú Ìbàdàn, létí títì tí ariwo ọkọ̀ kì í ti í dákẹ́. Obìnrin ló ni ín. Gbogbo oníbàárà ló ń pè é ní Àǹtí, títí kan àwọn tó dàgbà jù ú lọ. Fọ́tòkọ́pì ló ń ṣe tẹ́lẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, kó tó ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tó ń dúró de ìwé wọn kì í gbójú kúrò lórí géèmù fóònù. Ó ra PS3 àlòkù kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ló wá kúrò nílẹ̀ fún géèmù. Àǹtí fúnra rẹ̀ kò gbá géèmù kankan rí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ náà yẹ ní kíkọ: ẹni tí kò lè fojú ara rẹ̀ wo ọjà tó fẹ́ rà, ojú ta ni yóò fi wò ó?

Èmi ni mo ń bá a tún páàdì àti ẹ̀rọ ṣe, mo sì máa ń ṣe àyẹ̀wò géèmù ní Yorùbá fún àwọn tó bá fẹ́ gbọ́. Ó gbà kí n kọ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sílẹ̀, kìkì pé kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Bọ́ọ̀lù ló ń bọ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn ọmọ á san owó ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, wọ́n á pariwo, ẹni tó bá fìdí rẹmi á dìde fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí bọ́ọ̀lù ò jọ lójú, àwọn oní-RPG, ìyẹn géèmù onítàn gígùn tí ènìyàn ti ń dá ẹ̀dá tirẹ̀ sílẹ̀, tó ń sọ ọ́ di alágbára díẹ̀díẹ̀, tó sì ń yan ọ̀nà tó fẹ́ tọ̀. Wọn ò pọ̀, àmọ́ owó wọn kì í yẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀rọ nílé á yá sídì lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, á tún wá sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹni tí kò ní á san owó wákàtí gígùn, pàápàá lálẹ́ tí wọ́n bá mú iná wá.

Géèmù tí àwọn wọ̀nyí fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ ni Dragon's Dogma. Ilé iṣẹ́ Capcom ti Japan ló gbé e jáde ní 2012, Hideaki Itsuno ló darí iṣẹ́ náà. Drágónì kan ló yọ ọkàn ènìyàn lọ, ẹni náà á wá dìde láti lọ gba ọkàn rẹ̀ padà, pẹ̀lú àwọn alábàárìn tí wọ́n ń pè ní Pawn. Ọ̀kan nínú àwọn Pawn yìí, ìwọ lo máa dá a. Àwọn yòókù, ẹlòmíràn tó ń gbá géèmù náà níbòmíràn láyé ló dá wọn, o kàn yá wọn lò ni. Bí ẹ̀dá ńlá bá yọ sí ọ lójú ọ̀nà, o lè di irun ara rẹ̀ mú, kí o gùn ún dé orí, kí o sì máa gún un níbẹ̀ títí á fi ṣubú.

Nígbà tó jáde, àwọn aṣàyẹ̀wò kò gbé e gẹ̀gẹ̀. Àròpọ̀ máàkì rẹ̀ lórí Metacritic, ìkànnì tó ń ṣe àròpọ̀ máàkì àwọn aṣàyẹ̀wò, kò tó 80 nínú 100. Wọ́n ní ìrìn ẹsẹ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n ní àwọn Pawn ń wí ohun kan náà ní àwítúnwí, òótọ́ sì ni. Ìfẹ́ tí àwọn ará Àgbówó ní sí i kò ti ọ̀dọ̀ aṣàyẹ̀wò kankan wá. Ẹ̀dà tó dé sórí PS4 ní 2017, èyí tó ní Dark Arisen ti ọdún 2013 nínú, ni Àǹtí rà, ó sì di ohun tí wọ́n ń to orúkọ sílẹ̀ dè. Mo bá a pa ojú sídì náà dán títí tí mo fi sọ fún un pé kò gba pípadán mọ́.

Apá kejì rẹ̀, Dragon's Dogma 2, jáde ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 2024. Àyẹ̀wò àwọn ilé ìròyìn géèmù ti jáde kí ọjọ́ náà tó pé, àròpọ̀ máàkì sì ti kọjá 80 dáadáa. Dọ́là 70 ni wọ́n ń tà á lókè òkun, bẹ́ẹ̀ dọ́là kan ju ₦1,200 lọ lóṣù náà. Ìyẹn ni pé sídì kan ṣoṣo ju ₦84,000 lọ, kí ẹni tó ń kó o wá láti Èkó tó gbé èrè tirẹ̀ lé e. Sídì bọ́ọ̀lù á pa owó yẹn wọlé, kò sí àríyànjiyàn. Sídì RPG lè jókòó sórí pẹpẹ kó máa kó eruku.

Àǹtí wo máàkì lórí fóònù rẹ̀, ó ní ó dára. Lẹ́yìn náà ló bi oníbàárà rẹ̀ kan tó ń ṣe másítà, tí àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Másítà. Kò sí kọ̀rọ̀ kankan nínú géèmù àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí ò tíì dé.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù. Àwọn tó fún un ní máàkì yìí, àwọn náà ló fojú di èyí àkọ́kọ́."

Àǹtí fèsì pé, "Tí wọ́n bá ti ṣì í lẹ́ẹ̀kan, ṣé wọn ò tún lè tọ̀nà mọ́ láé?"

Èmi ní tèmi sọ pé mi ò tíì fọwọ́ kàn án, mi ò sì lè sọ ohunkóhun. Sídì méjì ni Àǹtí rà: ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan fún yíyá.

Ìyípadà àkọ́kọ́ dé lọ́jọ́ tí géèmù náà bọ́ sórí igbá gan-an. Lórí Steam, níbi tí àwọn tó rà á fún kọ̀ǹpútà ti ń sọ èrò wọn, èébú ló ń dà. Wọ́n ní tí ènìyàn bá wọ ìlú ńlá inú rẹ̀, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Wọ́n ní wọ́n ń fi owó gidi ta àwọn nǹkan kéékèèké tí a lè rí nínú géèmù fúnra rẹ̀. Wọ́n tún ní ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ kò rí ibi tó ti lè tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọmọ ti kún ṣọ́ọ̀bù, fóònù lọ́wọ́ kálukú, wọ́n ń kà á fún Àǹtí bí ẹni ń ka ẹ̀sùn. "Wọ́n ti gba rìbá! Àǹtí, rìbá ni wọ́n gbà!"

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀rọ̀ rìbá yìí kì í ṣe ohun tí a lè kàn fọwọ́ gbá dànù. Ní 2007, wọ́n lé aṣàyẹ̀wò kan lẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tó fún géèmù kan ní máàkì tí kò wú ilé iṣẹ́ tó ń polówó lọ́dọ̀ wọn lórí. Ní 2012 ló tó lè sọ ọ́ ní gbangba pé ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò yẹn wà nídìí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fura kò ya wèrè. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ wo ti ọjọ́ náà fúnra rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká jọ ka àwọn ẹ̀sùn yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ká sì bi ara wa pé ta ni wọ́n kàn.

Ti àwòrán tó ń fà, kọ̀ǹpútà ló kàn jù. Ìdí ni pé àwọn ará ìlú inú géèmù náà, kálukú wọn ló ní ìṣe àti ìrìn tirẹ̀, iṣẹ́ yìí sì ń wọ CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, lọ́rùn. Lórí PS5 pàápàá kì í sáré tó bó ṣe yẹ láàárín ìlú, àmọ́ ó ṣeé gbá. Ti àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n ń tà, ọjọ́ ìjáde ni wọ́n pàtẹ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn aṣàyẹ̀wò ti gbá tiwọn tán kí ọjà tó ṣí. Ẹni tó bá kọjá ní Bódìjà kí ìpàtẹ tó bẹ̀rẹ̀, ṣé ó lè sọ iye tí wọ́n ń ta ata? Kò gba rìbá, àkókò tó débẹ̀ ni kò jẹ́ kó rí i.

Mo rán wọn létí Cyberpunk 2077, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ẹ̀dà kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn aṣàyẹ̀wò ṣáájú, máàkì sì gòkè. Àwọn tó rà á fún PS4 ló jìyà rẹ̀, débi tí Sony fi yọ ọ́ kúrò nínú ọjà orí ẹ̀rọ wọn kí oṣù náà tó parí, tí kò sì padà síbẹ̀ títí di oṣù kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ wo lo fi gbá a? Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú máàkì nìyẹn, òun sì ni àwọn tó ń ka máàkì kì í bèèrè.

Bọ̀ọ̀dá Másítà wá dábàá pé tí a ò bá lè gbára lé àwọn aṣàyẹ̀wò, ká kúkú máa gbára lé máàkì àwọn tó ń gbá a. Mi ò gbà fún un. Ní oṣù kẹta ọdún 2011 ni ilé iṣẹ́ BioWare gbé Dragon Age II jáde, oṣù mẹ́rìndínlógún péré lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́. Ihò àpáta kan náà ni wọ́n ń lò léraléra nínú rẹ̀, àwọn olólùfẹ́ sì bínú burúkú. Àwọn aṣàyẹ̀wò fún ẹ̀dà kọ̀ǹpútà ní 82, àwọn olólùfẹ́ fún un ní nǹkan bíi 4 nínú 10. Àmọ́ nínú àwọn máàkì olólùfẹ́ yẹn náà, wọ́n rí i pé òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà wà níbẹ̀ tó fún un ní 10 láìsọ ẹni tóun jẹ́. Lápá kejì, àwọn tó ń fi ìbínú kọ 0 láìtíì gbá a pọ̀ débi pé láti 2020 ni Metacritic ti ń mú kí àwọn ènìyàn dúró fún nǹkan bíi wákàtí 36 lẹ́yìn ìjáde géèmù kí wọ́n tó lè fi máàkì sílẹ̀. Ti Steam sàn díẹ̀, torí ó máa ń fi iye wákàtí tí ẹni náà ti gbá a hàn lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó gbá a fún ìṣẹ́jú 40 tó ń sọ bí ìparí rẹ̀ ṣe rí, kí ló fẹ́ mọ̀?

Àǹtí gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, owó mi ti jáde. Ẹ bá mi gbá a ká rí i."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ sì ni nǹkan kejì ti ṣẹlẹ̀, èyí tí ẹnì kankan kò rò tẹ́lẹ̀. Àkáǹtì kan ṣoṣo ló wà lórí PS5 ṣọ́ọ̀bù. Bọ́ọ̀lù ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ̀ọ̀dá Másítà ló kọ́kọ́ jókòó ti Dragon's Dogma 2, ó fi alẹ́ gbá a, ó dé Vernworth, ìlú ńlá inú géèmù náà, ó ti mọ àwọn ará ibẹ̀, ó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọmọ kan tó ń dúró de ìdánwò JAMB wọlé, ó san owó wákàtí rẹ̀. Ó wá ibi tó ti lè bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, kò rí i. Ibi ìtẹ̀síwájú nìkan ló wà níwájú rẹ̀, ó bá tẹ̀ ẹ́. Géèmù yìí máa ń séfù fúnra rẹ̀, ìyẹn ni pé ó máa ń tọ́jú ibi tí ènìyàn gbá a dé, séfù kan ṣoṣo ló sì wà fún àkáǹtì kan.

Àìsàn kan wà nínú rẹ̀ tí ń mú àwọn Pawn. Ojú èyí tó bá mú á pọ́n, á máa di orí mú, tí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀ á máa dá wọn lóhùn wíwọ́. Ọmọ náà rí gbogbo èyí, ó rò pé àwàdà ni. Ó ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, "Ẹ wá wo ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń rífín sí ọ̀gá rẹ̀!" Nígbà tó rẹ̀ ẹ́ nínú géèmù, ó wọ ilé àlejò inú ìlú, ó sùn. Tí ènìyàn bá sùn nílùú pẹ̀lú Pawn tó ní àìsàn náà, Pawn yẹn á yí padà lóru, á sì pa gbogbo ará ìlú. Ilẹ̀ mọ́, Vernworth dá páropáro. Ọmọ náà rò pé ìtàn ló débẹ̀. Ó dìde, ó lọ sílé.

Bọ̀ọ̀dá Másítà dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì àti àkàrà nínú ọ̀rá. Ó jókòó, ó tẹ páàdì, ó rìn yí ọjà ìlú ká, ó wo ilé tó ti gba iṣẹ́, kò rí ẹnì kankan. Ló bá figbe ta: "Ta ló sùn sí òtẹ́ẹ̀lì?"

Àǹtí, tí kò mọ ohun tó ń sọ, yọ sí i láti ẹ̀yìn káńtà. "Òtẹ́ẹ̀lì wo? Kí ló pa àwọn ọmọ ọlọ́mọ pọ̀ mọ́ òtẹ́ẹ̀lì nínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ìjà náà kò ṣe é rẹ́rìn-ín sí. Òkúta kan wà nínú géèmù tí wọ́n fi ń jí òkú dìde, àmọ́ òkú odidi ìlú ju èyí tó wà lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá Másítà lọ fíìfíì. Òkúta náà sì wà lára ohun tí wọ́n ń fowó gidi tà, èyí tó tún mú kí àwọn ọmọ padà sórí ọ̀rọ̀ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa ìlú kí wọ́n lè rí òkúta tà ni. Mi ò gba ìyẹn gbọ́, ṣùgbọ́n mo jẹ́wọ́ pé ó dùn ún gbọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Mo ṣí àkáǹtì fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan lórí PS5 náà, kálukú sì ní séfù tirẹ̀. Ní ìparí oṣù náà, Capcom gbé ọ́pùdéètì jáde tó jẹ́ kí ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, ó sì fún àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ PS5 láyè láti yan díẹ̀ lára bí àwòrán ṣe máa ṣe. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé aṣàyẹ̀wò máa ń gbá géèmù lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, nínú yàrá tirẹ̀, òun nìkan. Séfù kan ṣoṣo lè má dí i lọ́wọ́. Ní Àgbówó, níbi tí ogúnlọ́gọ̀ ènìyàn ti ń jókòó sí ẹ̀rọ kan, òun ni olórí ọ̀rọ̀. Irọ́ kò sí lẹ́nu aṣàyẹ̀wò, ìgbésí ayé wa ni kò wọ inú àyẹ̀wò rẹ̀. Nǹkan kan tún wà níbẹ̀: lẹ́yìn ọ́pùdéètì, géèmù náà kì í ṣe èyí tí wọ́n yẹ̀ wò mọ́, síbẹ̀ máàkì tí ilé ìròyìn kọ́kọ́ fi lélẹ̀ ni Metacritic ń dì mú, kì í yí i padà.

Ọgbọ́n kẹta, Àǹtí ló mú un wá, láti inú iṣẹ́ fọ́tòkọ́pì rẹ̀ àtijọ́. Ó di ìwé funfun pọ̀ mọ́ra, ó ní kí gbogbo ẹni tó bá gbá a kọ èrò rẹ̀ sí ojú ewé kan, kí ó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Bí ẹni kan bá ti kọ tirẹ̀ tán, Àǹtí á ṣẹ́ ojú ewé náà pọ̀, á fi sitépúlà kàn án pa, kí ẹni tó kàn má bàa rí i. Ohun tó ní kí wọ́n kọ ni bóyá wọ́n ti gbá èyí àkọ́kọ́ rí àti lórí ẹ̀rọ wo, ibi tí wọ́n gbá èyí dé, ohun tí wọ́n bá wá, àti bóyá wọ́n á tún sanwó fún un. Mo fi ìbéèrè kan kún un: kí ló ṣẹlẹ̀ sí orúkọ géèmù náà lójú tẹlifíṣọ̀n? Àkọlé tó ń jáde níbẹ̀rẹ̀ kò ní "2" lára. Ẹni tó bá rìn jìnnà gan-an nìkan ló máa rí ibi tó ti yọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò tíì débi tó ti lè sọ̀rọ̀ nípa ìparí, ká má tan ara wa.

Nígbà tí a tú sitépúlà kúrò, ohun tí a rí kò bá ìjà tí wọ́n ti ń jà mu. Àwọn tí kò gbá èyí àkọ́kọ́ rí kọ ohun tó jọ ti àwọn aṣàyẹ̀wò: ìjà inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù òru inú igbó ń bani gidi, kò sí ìrìn méjì tó jọra. Àǹtí gbọ́ ọ, ó ní, "Ẹni tí kò jẹ ọbẹ̀ ìyá rí, ọbẹ̀ ọmọ á dùn lẹ́nu rẹ̀." Gbogbo wa rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, pé àwọn àgbà géèmù á sọ òdìkejì.

Bọ̀ọ̀dá Másítà sọ òdìkejì lóòótọ́. Ojú ewé rẹ̀ kún dé ẹ̀yìn. Ó ní nínú èyí àkọ́kọ́, ọgbọ́n ìjà mẹ́ta ló wà fún ohun ìjà ńlá, mẹ́ta fún kékeré, mẹ́fà lápapọ̀. Nínú èyí, mẹ́rin ni. Ó ní àwọn ẹ̀dá tó pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ náà ló tún ń pàdé ní ìparí, wọ́n kàn lágbára sí i ni. Ó ń wá erékùṣù Bitterblack, ibi òkùnkùn tí Dark Arisen fi kún ti àkọ́kọ́, tó jẹ́ pé ẹni tó ti di akọni pàápàá á kú níbẹ̀. Kò rí irú rẹ̀. Ó parí rẹ̀ sí pé èyí kì í ṣe ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń wá lẹ́yìn iṣẹ́ òru, obìnrin tí kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Òun náà ti gbá èyí àkọ́kọ́, lórí PS3, kí Dark Arisen tó jáde pàápàá, ó sì gbá èyí dé ibi tí "2" ti yọ. Ohun tó kọ kò ju ìlà díẹ̀ lọ. Ó ní ìrìn ni òun fẹ́ràn nínú ti àkọ́kọ́: kí ilẹ̀ ṣú bá ènìyàn lọ́nà, kí epo àtùpà máa tán lọ, kí ó má mọ ohun tó ń mí nínú igbó. Èyí ṣe ìyẹn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní òun ò bìkítà fún Bitterblack, òun ò tilẹ̀ débẹ̀ rí.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Olólùfẹ́ méjì tí wọ́n jọ pe géèmù kan lórúkọ kan, ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n nífẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń sọ pé aṣàyẹ̀wò kò lóye ohun tí àwọn olólùfẹ́ fẹ́ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn olólùfẹ́ gbà láàárín ara wọn. Aṣàyẹ̀wò ń dáhùn ìbéèrè kan: ṣé géèmù yìí dára? Bọ̀ọ̀dá Másítà ń bèèrè pé ṣé ó jogún ohun tí òun fẹ́ràn. Kò sí bí nọ́ńbà kan ṣe lè dáhùn ìyẹn fún òun àti nọ́ọ̀sì náà lẹ́ẹ̀kan náà, àní bí aṣàyẹ̀wò bá jẹ́ olóòótọ́ tó sì ní àkókò.

Èyí tó pa Àǹtí lẹ́rìn-ín jù ni ìdáhùn sí ìbéèrè owó. Bọ̀ọ̀dá Másítà kọ "Rárá" gàdàgbà. Àǹtí ṣí ìwé owó wákàtí rẹ̀, ó sì kà á síta: òun ló san owó jù lórí géèmù náà nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin náà ní òun ń wá ibi tí yóò ti dára ni.

Mo ti ronú lórí ìgbà mìíràn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Fallout: New Vegas ti ilé iṣẹ́ Obsidian jáde ní 2010, àléébù kún inú rẹ̀ lọ́jọ́ ìjáde, máàkì rẹ̀ sì dúró sí 84. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ilé iṣẹ́ náà sọ ọ́ síta ní 2012 pé tó bá dé 85 ni, owó àjẹmọ́nú ì bá wọlé fún wọn. Máàkì kan péré ló gba owó yẹn lọ́wọ́ wọn. Lónìí, ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ RPG ló ń gbé e ka iwájú àwọn yòókù nínú ìdílé Fallout. Àwọn aṣàyẹ̀wò kò purọ́, wọ́n ròyìn ohun tó wà níwájú wọn lọ́jọ́ náà. Ìjàngbọ̀n ni pé wọ́n sọ ìròyìn ọjọ́ kan di ìdájọ́ tí kò ní ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n sì so owó mọ́ ọn.

Ẹ wo Baldur's Gate 3 lápá kejì. Apá kejì rẹ̀ ti jáde láti 2000, ilé iṣẹ́ mìíràn, Larian ti Bẹ́ljíọ̀mù, ló wá ṣe ẹ̀kẹta ní 2023. Máàkì dé 96, àwọn olólùfẹ́ sì fọwọ́ sí i. Mi ò rò pé orí rere nìkan ni. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni wọ́n ti ń ta ẹ̀dà tí kò tíì parí fún ẹni tó bá fẹ́. Àwọn olólùfẹ́ ti sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí aṣàyẹ̀wò tó lanu.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, Àǹtí ta sídì kejì fún ẹnì kan ní Òjóò ní iye tó dín, ó pàdánù díẹ̀. Èyí tó kù ń pa owó wọlé. Ìlànà tó ń lò báyìí ni pé tí apá kejì ohun tí àwọn oníbàárà rẹ̀ fẹ́ràn bá jáde, ẹyọ kan ló máa rà. Kí ó tó ra ìkejì, ó gbọ́dọ̀ rí ojú ewé ẹni tó mọ ti àkọ́kọ́ àti ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, méjèèjì tí a kàn pa. Nígbà tí Kingdom Come: Deliverance II jáde ní oṣù kejì ọdún 2025, kò sí ẹnì kankan ní ṣọ́ọ̀bù tó ti gbá ti àkọ́kọ́, ti ọdún 2018. Kò dúró de ìwé kankan, ó wo máàkì, ó rà á. Mo gbà pé ó tọ̀nà. Níbi tí kò sí ìfẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ń ṣọ́, ìbéèrè aṣàyẹ̀wò àti ti oníbàárà jẹ́ ọ̀kan náà.

Fún àwọn tó ń ra géèmù sí ṣọ́ọ̀bù, ohun tí mo máa sọ ni pé kí ẹ ka ọ̀rọ̀ inú àyẹ̀wò kí ẹ tó wo máàkì, kí ẹ sì wá ibi tí ẹni tó kọ ọ́ ti sọ bóyá ó gbá ti àkọ́kọ́, ẹ̀rọ tó lò, àti ibi tó dé. Tí kò bá sọ ọ́, ẹ mú máàkì rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹni tó gba ọ̀nà yín kọjá. Ẹ sì bèèrè nípa séfù kí ẹ tó gbé sídì sórí ẹ̀rọ àjọlò.

Fún àwa tí a ń ṣe àyẹ̀wò ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ wa yàtọ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí wa ṣáájú. Owó wa la fi ń rà á, ó sì máa ń dé láti Èkó nígbà tí àwọn ará òkè òkun ti kọ tiwọn tán. Púpọ̀ nínú wa ka èyí sí ìyà, a sì máa ń sáré kọ nǹkan lọ́jọ́ kìíní kí a má bàa kẹ́yìn. Mo ti jáwọ́ nínú ìyẹn. Ó di lẹ́yìn ọ́pùdéètì àkọ́kọ́ kí n tó kọ, mo ń sọ ẹ̀dà tí mo gbá, mo sì ń sọ ohun tí mo fẹ́ràn nínú ti àkọ́kọ́ kí n tó sọ̀rọ̀ nípa ìkejì, kí ẹni tí kò fẹ́ràn ohun kan náà lè mọ̀ pé kì í ṣe òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo ṣe ti Dragon's Dogma 2, ọ̀rọ̀ Bọ̀ọ̀dá Másítà àti ti nọ́ọ̀sì náà ni mo kà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mi ò fi máàkì kankan sí i. Àwọn kan bínú. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ràn nínú èyí àkọ́kọ́, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ gidi.